Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Yunifásítì Michigan 2023: gémù 15, wọn ò pàdánù ọ̀kan, ṣé ẹ̀yin gbà á fún wọn àbí ẹ ò gbà?

KolaAnnArbor
Ẹ kú ilé o gbogbo ará. Látìgbà tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti dá ẹjọ́ Michigan lóṣù kẹjọ 2025 yìí ni wọn ò ti jẹ́ ká gbádùn nínú group WhatsApp wa, ó débi pé admin ti group pa lálẹ́ àná kó tó lọ sùn, ni mo ṣe ní kí n gbé e wá síbí tí àyè ti gbà wá. Ẹnì kan ló là á mọ́lẹ̀ pé ife ẹ̀yẹ tí Michigan gbà ní síísìn 2023 yẹn òun ò kà á sí, pé ìwà olè ni wọ́n fi gbà á, torí wọ́n ń jí àmì àwọn alátakò. Èmi ní kó lọ jókòó. Ẹ jẹ́ n tò ó fún yín: East Carolina 30-3, UNLV 35-7, Bowling Green 31-6, Rutgers 31-7, Nebraska 45-7, Minnesota 52-10, Indiana 52-7, Michigan State 49-0, Purdue 41-13, Penn State 24-15, Maryland 31-24, Ohio State 30-24, Iowa 26-0, Alabama 27-20, Washington 34-13. Nínú gémù 15, mẹ́jọ ni alátakò ò ti rí ju pọ́ìntì 7 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó máa bọ̀.

TemiOAU
Ẹ̀gbọ́n ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ dákun, èmi tí mo wà n'Ífẹ̀ tí mi ò mọ̀ kọjá Premier League, ẹ ṣàlàyé fún mi kí n lè bá yín dá sí i. Ọmọ yunifásítì ni gbogbo wọn lóòótọ́? Torí tiwa níbí, tí wọ́n bá ń ṣe NUGA pàápàá ẹ lè má mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é tí ẹ ò bá lẹ́ni tó ń sáré níbẹ̀.

KolaAnnArbor
Tèmi, ọmọ yunifásítì ni wọ́n o, àmọ́ pápá Michigan níbí gba èèyàn 107,601, ó sì máa ń kún ní Sátidé tí wọ́n bá ń gbá nílé. Wọ́n á fún ẹ ní ìgbìyànjú mẹ́rin kó o fi rin yáàdì 10. Tó o bá rìn ín, wọ́n á tún fún ẹ ní mẹ́rin mìíràn. Tí o ò bá rìn ín, bọ́ọ̀lù di tẹnì kejì. Tó o bá gbé e dé ìparí pápá, touchdown nìyẹn, pọ́ìntì 6, o lè ta á gba àárín òpó kó di 7. Èyí tó kù wàá máa gbọ́ ọ bá a ṣe ń lọ.

GoonerPeckham
Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí mi ò ní rántí Arsenal 2003/04. Gémù 38, a borí 26, a ta ọ̀mì 12, ẹnì kankan ò nà wá, Kanu wa sì wà níbẹ̀. 15 tí ẹ̀yin ń pariwo ẹ̀ yẹn, oṣù mẹ́ta ààbọ̀ la fi ń gbá ìyẹn níbí lái tíì dé Kérésìmesì.

KolaAnnArbor
Bọ̀dá Peckham, mo júbà Arsenal o, àmọ́ ẹ gbọ́ o, kò sí ọ̀mì nínú tiwa. Láti 1996 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀mì, tẹ́ ẹ bá dọ́gba, ẹ ó máa gbá a lọ títí ẹnì kan á fi ṣubú. Ọ̀mì 12 tẹ́ ẹ ta yẹn, tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, àfi kẹ́ ẹ borí gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè sọ pé ẹnì kankan ò nà yín.

GoonerPeckham
Ẹ fi Arsenal sílẹ̀ jàre 😂

BuckeyeDeji
Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ tò ó dáadáa, ẹ kàn gbàgbé láti to Connor Stalions mọ́ ọn ni. Kí Tèmi lè mọ̀: òṣìṣẹ́ Michigan ni ọkùnrin yẹn, ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì gémù àwọn tíìmù tí Michigan ṣì máa pàdé lọ́jọ́ iwájú, ó ń rán èèyàn lọ jókòó síbẹ̀, wọ́n á fi fóònù ká bí kóòṣì ṣe ń fọwọ́ júwe nǹkan fáwọn ọmọ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Láti 1994 ni òfin ti sọ pé ẹ ò gbọdọ̀ rán èèyàn lọ máa wo alátakò yín lójúkojú báyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó ṣe é, kí ló kù tí mo fẹ́ fi bá yín jà? Columbus, ilé Ohio State, ni mo wà o, mi ò fara pamọ́.

TemiOAU
Àmọ́ kí ló dé tí wọ́n fi ń fọwọ́ júwe? Mo rí i nínú NFL, líìgì àwọn àgbà yẹn, pé quarterback tó ń ju bọ́ọ̀lù máa ń gbọ́ kóòṣì nínú akoto ẹ̀.

KolaAnnArbor
Ìyẹn NFL. Àwọn yunifásítì ò ní i nígbà yẹn, 2024 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi rédíò sínú akoto. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ó rí géńdé mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí wọ́n ń fọwọ́ kan imú, tí wọ́n ń gbé páálí aláwòrán sókè, ọ̀kan péré nínú wọn ló ń sọ òótọ́, àwọn yòókù ń tan yín. Gbogbo tíìmù ló ń gbìyànjú láti tú àṣírí ẹlòmíì látorí tẹlifíṣàn tàbí nígbà tí gémù ń lọ, ìyẹn ò lòdì sófin. Ibi tí Stalions ti ṣẹ̀ ni pé ó ń rán èèyàn lọ. Mi ò sọ pé kò ṣẹ̀ o Déjì. Ṣùgbọ́n ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù kọkànlá 2023, ẹ wá wo àwọn tí wọ́n nà lẹ́yìn tó ti lọ tán, Penn State, Maryland, ẹ̀yin Ohio State, Iowa, Alabama, Washington. Àwọn tó le jù nínú gbogbo síísìn, ẹ̀yìn tí Stalions lọ ni wọ́n pàdé wọn.

BodaPG_County
Ẹ jẹ́ n gbà á níbẹ̀ yẹn. Gémù Penn State ni kẹ́ ẹ lọ wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ olè. Ọjọ́ Friday, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, tíìmù wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń lọ síbẹ̀ ni Big Ten, líìgì tí Michigan wà, gbé ìdájọ́ jáde pé Jim Harbaugh kóòṣì wọn ò gbọdọ̀ dé pápá fún gémù mẹ́ta tó kù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í du ife. Ọ̀la ni gémù! Sherrone Moore tó ń kọ́ àwọn tó ń gba iwájú ló wá di kóòṣì láàárín òru, nínú pápá tí èèyàn ti lé ní 110,000 tí gbogbo wọn ń hó lé e lórí. Kí ni Sherrone ṣe? Ó dáwọ́ jíju bọ́ọ̀lù dúró. Ìgbà 32 léra léra ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré, ẹ gbọ́ mi yé o, 32, láì ju bọ́ọ̀lù kan péré tí wọ́n kà. Gbogbo Penn State mọ̀ pé sísáré ni wọ́n tún fẹ́ sá, ẹni tó ń ta ẹ̀pà níta mọ̀, kò sí àmì tí wọ́n fẹ́ jí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ wọn ò rí wọn dá dúró. Ó dà bí ẹni ń gún iyán, Corum tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún wọn á gbà á, á forí sọ wọ́n, yáàdì mẹ́rin, á dìde, á tún gbà á, yáàdì mẹ́ta. Ó kó yáàdì 145 lọ́jọ́ yẹn, touchdown méjì. 24-15. Nígbà tí wọ́n gbé máìkì sí Sherrone lẹ́nu, ẹkún ló bú sí, omijé ń dà lójú ẹ̀, ó ń kí Harbaugh, ó ń sọ fáwọn ọmọ náà pé òun fẹ́ràn wọn. Ìyàwó mi tí kì í wo bọ́ọ̀lù rárá béèrè pé ta ló kú.

IyaIbejiHouston
"Ta ló kú" 😂😂😂 Bọ̀dá PG ẹ ò ní pa mí.

BuckeyeDeji
Ẹ má fi ẹkún bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Harbaugh yìí kan náà, ilé-ìwé ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kó jókòó sílé fún gémù mẹ́ta àkọ́kọ́ síísìn yẹn, torí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ mú wá sí tíìmù, tí wọ́n lọ ń pàdé nígbà Kòrónà tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má pàdé wọn. Gémù mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Kóòṣì tó jẹ́ pé gémù mẹ́fà nínú 15 ni kò sí níbẹ̀ nítorí ìwà! Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a.

KolaAnnArbor
Òótọ́ ti bá a náà, ìdájọ́ ti jáde. Wọ́n bu owó ìtanràn lé ilé-ìwé tí wọ́n ní ó lè ju 20 mílíọ̀nù dọ́là lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ kóòṣì yunifásítì mọ́ Harbaugh fún ọdún 10, ti Stalions ọdún 8. Ẹ wá bá mi wá ibi tí wọ́n ti gba gémù kan tàbí ife lọ́wọ́ wọn nínú ìdájọ́ yẹn. Kò sí.

BuckeyeDeji
Owó ló bá wọn sọ̀rọ̀.

TundeBatonRouge
Èmi ò bá yín dá sí tolè. Tèmi ni pé ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Michigan nìkan ló ṣe 15-0 rí. LSU 2019 ńkọ́? Joe Burrow ju touchdown 60, ó gba Heisman, ẹ̀bùn ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ́dún yẹn, tíìmù méje tó wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ la nà, a gbá Oklahoma 63-28, a wá parí ẹ̀ pẹ̀lú Clemson 42-25 nínú New Orleans níbí. Ja'Marr Chase àti Justin Jefferson wà nínú tíìmù kan ṣoṣo! Clemson 2018 ṣe 15-0, Georgia 2022 ṣe é. Tẹ́ ẹ bá kó Michigan yẹn pàdé LSU wa, McCarthy quarterback wọn á máa ju bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní í bá wa.

BodaPG_County
Túndé, LSU yín dùn-ún wò, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dí alátakò lọ́nà fún Michigan, ìpíndọ́gba gbogbo síísìn, pọ́ìntì 10 àti díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí alátakò rí nínú gémù kan. Kò sí tíìmù tó dín in kù tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Mason Graham àti Kenneth Grant láàárín, ẹ̀yin ẹ ò mọ bí àwọn ọmọ yẹn ṣe tóbi tó. Junior Colson àti Mike Sainristil, Haiti ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Sainristil tiẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù síwájú tẹ́lẹ̀, 2022 ni wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn, ó wá di ọ̀gá níbẹ̀.

Àti pé ẹ ò tíì dárúkọ ọmọ wa! Olusegun Oluwatimi, ọmọ Upper Marlboro níbí, ilé-ìwé DeMatha ló lọ. 2022 ló dé Michigan láti Virginia, òun ló ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún quarterback, ọdún yẹn náà ló gba Outland àti Rimington, ẹ̀bùn méjèèjì tó ga jù fáwọn tó ń gba iwájú. Ọdún yẹn wọn ò pàdánù ọ̀kan títí wọ́n fi pàdé TCU, TCU gbá wọn 51-45 lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Ṣẹ́gun lọ sí NFL, Seattle mú un. Ọdún kejì ni wọ́n gba ife. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ló máa ń dùn mí, ọdún kan péré.

TemiOAU
Háà, ọdún kan! Ó mà ṣe o.

KolaAnnArbor
Bọ̀dá PG, TCU yẹn gan-an ni orísun gbogbo ẹ̀. Corum ti fi orúnkún ṣèṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ó wo gémù yẹn látìta ni. Ó lè lọ gba owó ẹ̀ ní NFL, kò lọ. Zak Zinter ò lọ. Sainristil ò lọ. Wọ́n padà wá. Àwọn olólùfẹ́ náà dáwó jọ fún wọn, torí láti 2021 ni òfin ti gbà káwọn ọmọ yìí máa gbowó lórí orúkọ wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ìtàn Harbaugh níbí náà á mọ̀ pé 2020 wọ́n borí méjì pàdánù mẹ́rin, wọ́n gé owó oṣù ẹ̀, gbogbo wa là ń pariwo kó máa lọ. Ìgbà márùn-ún ló ti pàdé Ohio State tí kò rí wọn gbá. Láti 2021 wá ni Michigan bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn lọ́wọ́ kò, 42-27, 45-23, 30-24. Déjì, ṣé mo ṣì kà á dáadáa?

BuckeyeDeji
Ẹ ń bínú sí mi ni.

KolaAnnArbor
30-24 yẹn mo wà nínú pápá. Zinter wó lulẹ̀, egungun ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì, gbogbo pápá dákẹ́ lọ lóló, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ jáde. 17-17 ni nígbà yẹn. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e gan-an, ẹyọ kan, Corum gbà á, yáàdì 22, touchdown, ló bá fi ìka júwe 6 àti 5, nọ́ńbà Zinter. Lẹ́yìn náà Ohio State tún ń bọ̀ wá o, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 25 ni Rod Moore tiwa já bọ́ọ̀lù tí McCord quarterback wọn jù gbà. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, òyìnbó àgbàlagbà kan, ló dì mọ́ mi tí kò fẹ́ tú mi sílẹ̀.

BodaPG_County
Èyí tó ṣáájú ẹ̀ èmi náà wà ní College Park níbí. Bí wọ́n ṣe gbá Maryland 31-24 lọ́jọ́ yẹn ló pé 1,000 tí Michigan ti borí látìgbà tí wọ́n ti dáyé, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀ nínú gbogbo yunifásítì. Àwọn ọmọ Maryland ò jẹ́ kó rọrùn fún wọn o, ọkàn mi ò balẹ̀ títí ó fi tán.

GoonerPeckham
Ó yá, mo ti ń gbádùn ẹ̀. Ṣé kò sí tíìmù mìíràn tí wọn ò nà lọ́dún náà ni?

TundeBatonRouge
Ó wà bọ̀dá, ìyẹn tún ni ìtàn tó burú jù. Florida State borí 13 nínú 13, wọ́n gba ife agbègbè wọn, ìgbìmọ̀ ní àwọn ò mú wọn mọ́ mẹ́rin tó máa du ife torí pé Jordan Travis quarterback wọn ti fẹsẹ̀ ṣèṣe. Wọ́n mú Alabama tí Texas ti nà rọ́pò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Florida State ò tiẹ̀ gbá gémù tó kẹ́yìn yẹn mọ́, Georgia wá gbá wọn 63-3. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe jù pé kó má pàdánù?

IyaIbejiHouston
Ìyẹn ìwọ̀sí gbáà ni, tí wọ́n bá ṣe é fún mi mi ò ní gbà láéláé.

TemiOAU
Ẹ̀yin ará, Alabama tí wọ́n mú yẹn, ṣé òun ni Michigan wá pàdé? Ẹ sọ ọ́ fún mi.

KolaAnnArbor
Òun ni. Rose Bowl, gémù tó ṣáájú àṣekágbá, ọjọ́ kìíní ọdún 2024, ní California. Tèmi, jókòó dáadáa. Michigan fọ́ ara wọn lọ́jọ́ yẹn, Semaj Morgan já bọ́ọ̀lù tí wọ́n ta sí i sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ gémù, Alabama mú un, touchdown. Èyí tí wọ́n fẹ́ ta fún pọ́ìntì kan, ẹni tó fẹ́ gbé e kalẹ̀ ò rí i mú. Ó wá di 20-13, Alabama ló wà lókè, àsìkò ti ń tán. Ìgbìyànjú kẹrin, yáàdì méjì ló kù, tí wọn ò bá rí i síísìn ti parí nìyẹn. McCarthy ju ú sí Corum, Corum sá lọ. Lẹ́yìn náà Roman Wilson fò já a lókè, ó tún gba èyí tó wọlé, ó ku ìṣẹ́jú kan àti àáyá 34. 20-20. O rò pé ó tán? Alabama ta bọ́ọ̀lù padà, Jake Thaw fẹ́ gbà á lẹ́bàá ìlà tiwọn, ó já bọ́! Ó sáré wó lé e lórí, ó ku yáàdì kan kó wọnú ilé wọn. Ká ní ó wọlé ni, mi ò ní máa kọ èyí.

Àfikún àsìkò, Corum gbé e wọlé láti yáàdì 17. Ó wá kan Alabama. Ìgbìyànjú kẹrin, yáàdì mẹ́ta sí ìlà, gbogbo síísìn dúró lórí ẹyọ kan. Jalen Milroe, ọmọ tó lágbára bí ẹṣin, bọ́ọ̀lù tí wọ́n tì sí i lọ sílẹ̀ jù, ó tẹ̀ gbé e, ó forí kó àárín. Gbogbo wọn rọ́ lù ú. Kò dé ìlà. Mo kígbe débi tí aládùúgbò mi kànkùn.

TemiOAU
Ara mi ti ń gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ wọ́n rí 😭

IyaIbejiHouston
Àṣekágbá ọ̀sẹ̀ kejì tèmi ni o, ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní, torí inú pápá NRG ní Houston níbí ni mo wà, mi ò jókòó sí àyè o, oúnjẹ la lọ tà níbẹ̀. Washington náà ò pàdánù rí, 14-0, quarterback wọn Michael Penix ń ju bọ́ọ̀lù bí iná. Ọmọ wọn kan tún wà, Rome Odunze, orúkọ Ìbò gidi, mo ń gbàdúrà fún un ní ẹ̀yìn káńtà. Ọkùnrin kan ń na káàdì sí mi fún nachos ni gbogbo ilé mì tìtì, Donovan Edwards ti sá lọ yáàdì 41. Ọkùnrin náà sáré wọlé, ó fi káàdì sílẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ ó padà wá mú un, mo ní ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ilé tún mì, Edwards ti tún sá lọ, yáàdì 46. Mo ní bọ̀dá, nachos yín ti tutù.

Odunze yẹn, nígbà kan òun nìkan ló dá wà lápá kan, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn, Penix jù ú kọjá ẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Lẹ́yìn ìsinmi, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ pàá, Will Johnson já a gbà. Corum ló wá fi méjì parí ẹ̀, Sainristil tún já ọ̀kan, ó sá yáàdì 81 padà. Yáàdì 303 ni wọ́n fẹsẹ̀ sá lálẹ́ yẹn. 34-13.

BodaPG_County
Ẹ̀gbọ́n ìyá ìbejì, ṣé ó wá jẹ nachos náà?

IyaIbejiHouston
Ó jẹ ẹ́ o, ó tún ra bíà méjì lé e. Ará Michigan ni.

BuckeyeDeji
Ó dáa, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n lágbára, mi ò sọ pé wọn ò lágbára rí. Tèmi ni pé alágbára tó tún ń yọ́ wo ìwé ẹlòmíì, kò yẹ kẹ́ ẹ máa gbé e gẹ̀gẹ̀. Àwa gba ife tiwa ní 2024, kò sẹ́ni tó rán èèyàn lọ ká fóònù.

KolaAnnArbor
Ẹ gba ife lóòótọ́, mo kí yín. Àmọ́ lọ́dún tẹ́ ẹ gba ife yẹn náà, ta ló wá sí Columbus tó gbá yín 13-10 nínú ilé yín, tíìmù tí gbogbo ayé ti ní kò já mọ́ nǹkan kan? Stalions ti lọ. Harbaugh ti lọ sí Chargers nínú NFL. Corum ti lọ. Rédíò sì ti wà nínú akoto.

TundeBatonRouge
Yéè! 😂

BuckeyeDeji
Ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù kọkànlá. Ann Arbor ni lọ́dún 2025 yìí, mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n Kọ́lá kẹ́ ẹ ti wá ibi tí mo máa sùn sí.

KolaAnnArbor
Ilé mi ni wàá sùn. Má wọ aṣọ pupa yẹn wọlé o, ìyàwó mi ò ní ṣílẹ̀kùn.